Ọdún Tí Òṣìkà Fi Gbé Ilé Wa

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ní kí a bá òun tọ́jú ẹja náà. Ọ̀sẹ̀ méjì! Títí di òní yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun mú nǹkan dání fún ọ̀sẹ̀ méjì, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ lásán, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ ná. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, a sì ń gbé nílé bàbá àgbà mi ní Ìlọfà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí bọ́ọ̀sì kan dúró lójú títì. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀, àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo, ló sọ̀ kalẹ̀. Àwọn géńdé méjì bá a gbé àpótí gíláàsì kan tó gùn tó bẹ́ǹṣì ilé ìwé, òun fúnra rẹ̀ sì di kúlà mọ́ àyà bí ìyá tó gbé ìkókó. Inú kúlà yẹn ni ẹja wà. Ó dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ pọ̀, àmì pupa bí ẹyin iná wà lára rẹ̀ káàkiri, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà. Kò sí irú rẹ̀ nínú odò tiwa. Ìyá Àgbà bèèrè orúkọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ní, "Ọ́síkà ni àwọn òyìnbó ń pè é, Ìyá."

"Òṣìkà?" Ìyá Àgbà jáwọ́ nínú ẹ̀wà. "Ìwọ Jímọ̀, o mọ̀ pé òṣìkà ni, o wá gbé e wọ ulé mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ilé ní ẹ̀ka èdè tiwa, Ìyá Àgbà kò sì yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, Òṣìkà ni orúkọ tí gbogbo wa ń pe ẹja yẹn, ó sì fi ìwà rẹ̀ jẹ́ orúkọ náà dáadáa.

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ń ṣe ní Ìlọrin. Ọ̀gá rẹ̀ gba iṣẹ́ kan ní Sókótó, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn yóò lò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé ní Ìlọrin kọ̀ láti bá a fún ẹja náà lóúnjẹ, nítorí pé ó ti bu ọ̀kan nínú wọn jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́ fún wa lójú gbogbo wa, ó tún ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń ròyìn ọmọ tó gba ipò kìíní. Ìyá mi wo bàbá mi, bàbá mi sì wo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Odò-Ọwá, máṣíìnì ló ń gùn lọ gùn bọ̀, àwọn ọmọ tó sì ń kọ́ máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti gbúròó máṣíìnì náà ní òkèèrè. Ẹni tó le ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ọ̀rọ̀ Jímọ̀, ẹni tó le náà á di ẹ̀kọ tútù. Bàbá wọn kú nígbà tí Jímọ̀ kò tí ì mọ̀ ọ́n rìn. Bàbá mi ti rí àyè ní yunifásítì nígbà náà. Ó pa á tì, ó wá iṣẹ́ tíṣà kí àbúrò rẹ̀ lè jẹun. N kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ohun tí Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ bèèrè rí tí bàbá mi kọ̀ fún un. "Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe nǹkan," ni bàbá mi wí. "Múní yóò máa tọ́jú rẹ̀." Èmi ni Múní. Ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Wọ́n gbé àpótí náà sí pálọ̀, lórí tábìlì onígi líle kan, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ki pọ́ǹpù kékeré kan bọ inú omi láti máa sẹ́ ìdọ̀tí. Iná ló ń mú pọ́ǹpù náà ṣiṣẹ́, iná tiwa sì rèé, bí ó bá wá lónìí, ó lè di ọ̀la tàbí ọ̀tunla. Kí oṣù kan tó pé ni gbogbo ìró inú ilé ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń gbọ́ bí mo bá jí ni ìkòkò omi tí Ìyá Àgbà ń gbé fún àlùwàlá, ìgbálẹ̀ ìyá mi lẹ́yìnkùlé, àti àwọn adìyẹ tó ń jà sí èèpo iṣu. Wàyí o, ẹja ni. Òṣìkà á gbé òkúta sẹ́nu, á sì tu ú mọ́ gíláàsì, kọ́, kọ́, kọ́, títí wọn á fi fún un lóúnjẹ. Ìyá Àgbà ní ìgbàkígbà tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrun, ṣe ló ń dà bí ẹni pé àlejò ń kan ilẹ̀kùn. Oúnjẹ tí Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ fi sílẹ̀ tán. Èmi ni mo ń wa ekòló nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi ni mo ń mú tata, èmi ni mo ń ṣa edé kúrò nínú edé tí ìyá mi fẹ́ fi se ọbẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá pẹ́ díẹ̀ lórí omi, á fò sókè, á já ekòló náà pẹ̀lú awọ ìka mi. Kì í ṣe eyín mímú ló ní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le bí ojú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ó sì ń bó ni lára. Bí mo bá ń sunkún, Ìyá Àgbà á ní, "Ẹja tí a kò níí jẹ, tí òun sì ń jẹ wá. Ṣé ayé ló yí ni àbí omi?"

Ṣùgbọ́n fífún un lóúnjẹ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fífọ ilé rẹ̀. Ẹja ńlá tó ń jẹun bí ẹran ọdún, ìgbẹ́ rẹ̀ kò lè kéré. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, omi náà ti rí bí omi ìṣanwọ́ èlùbọ́, pálọ̀ sì ti ń rùn. Ìyá mi, tó ń ta gààrí ní ọjà Ọ̀sí, tí kò sì lè fara da ìdọ̀tí, mú ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan tí bàbá mi kò sí nílé. Ó fi àwo kó Òṣìkà sínú korobá, ó da omi nù pátá, ó sì fi ọṣẹ ìfọṣọ àti kànrìnkàn fọ gbogbo rẹ̀, òkúta àti pọ́ǹpù, títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán yinrin. A pọn omi tútù láti inú kànga, a dà á sí i, a dá ẹja padà. Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí Òṣìkà fi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń mí gúlegúle. Bàbá mi dé bá wa báyìí. Ó mú fóònù, ó gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, èmi sì ń sáré tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ láti inú fóònù bí ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ: "Ọṣẹ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ẹ́ pa á! Ẹ kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kàn án láé! Ẹ kò gbọdọ̀ da gbogbo omi rẹ̀ nù!" Bàbá mi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi o: ẹ̀gbọ́n ń bẹ àbúrò, lórí àpáta, nínú oòrùn, nítorí ẹja tí kì í ṣe tirẹ̀. A tún gbogbo omi náà pọn lẹ́ẹ̀mejì kí ọṣẹ tó lọ. Ọjọ́ kẹta ni Òṣìkà tó dìde, ohun àkọ́kọ́ tó sì ṣe ni pé ó bu ìyá mi jẹ. Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun kò tún ní fọwọ́ kan ohun tó bá jẹ mọ́ ẹja náà mọ́ láyé òun, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe di tèmi nìyẹn. Bàbá mi jókòó, ó kọ òfin sí ara páálí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè àpótí náà, pẹ̀lú ìkọ̀wé tíṣà rẹ̀ tó gún régé. Kí a kọ́kọ́ yọ wáyà pọ́ǹpù kúrò lára iná. Kí a fọ ọwọ́ kí ọṣẹ má bàa kù níbẹ̀. Kí a gbé omi kànga kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tó kàn án. Kí a ki tíréè onírọ́bà kan bọ àárín omi láti sé ẹja mọ́ apá kan, nígbà tí a bá ń fọ apá kejì. Kí a fi rọ́bà gígùn fa ìdọ̀tí jáde láàárín òkúta, kí ó má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta omi lọ. Kí a fi fóòmù tí a so mọ́ igi gígùn nu gíláàsì, kí ọwọ́ má bàa wọlé. Ó dára lójú ìwé. Ẹ wá wò mí ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ ṣa mọ́ńgòrò, tí mo ń fẹnu fa rọ́bà kí omi lè ṣàn, tí ìgbẹ́ ẹja sì ń wọ̀ mí lẹ́nu. Òṣìkà kò gba tíréè. Á fi orí kàn án, gbàà, á ti í títí igun kan á fi yẹ̀, á wá gbá fóòmù mú lẹ́nu, èmi àti òun á máa fà á bíi pé a ń jà sí ẹran. Bí mo bá sì parí, dípò kí ó dúpẹ́, á bínú, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí òkú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò á sì máa bá wa kẹ́dùn.

Ọjọ́ kan wà tí mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní dípò kí n máa bá a jà, n ó kó o jáde sínú korobá, n ó sì fọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Mo fi àwo bo korobá, mo gbàgbé láti gbé nǹkan lé e. Mo kàn gbọ́ gbàgà, Òṣìkà ti wà nílẹ̀, ó ń fò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òbúkọ kan sì ti dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó rí àánjọ̀nú. Mo na ọwọ́, ó yọ̀. Mo tún na ọwọ́, ó fi lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tó le gún mi. Ìyá Àgbà ló bọ́ ìborùn rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó sì dà á bo ẹja náà jẹ́jẹ́, ó gbé e bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ó wí fún mi. Ó jù ú sínú omi, ó fún ìborùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bú ẹja náà ní èébú tí n kò lè kọ síbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ti di oṣù méjì, oṣù méjì ti di ìgbà òjò. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ń pè, ó ní iṣẹ́ Sókótó kò tí ì tán, ó ń bèèrè ẹja kí ó tó bèèrè ìyá rẹ̀. Ìgbà òjò náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Kò sí iná fún bí ọjọ́ márùn-ún. Omi inú àpótí dàrú, òkúta sì ti dí ẹnu pọ́ǹpù. Ní àárọ̀ Sátidé, bàbá mi ní òun fúnra òun ni yóò tú u, nítorí pé ọwọ́ mi kò gùn tó. Ó ká apá bùbá ilé rẹ̀ sókè, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ sì ti tutù pẹ̀lú omi tí mo ti dà sílẹ̀. Èmi wọ sílípáàsì onírọ́bà. Mo wo ara ògiri, mo rí i pé wáyà náà ṣì wà lára iná.

"Bàbá, ẹ ò tí ì yọ ọ́ lára iná."

"Iná wo? O rí iná níbì kan ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká kọ́kọ́ yọ ọ́."

"Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì mọ ìgbà tó yẹ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà..." Ó dúró kí n parí rẹ̀.

"Kò lè ní àkísà bí àgbà, sà." Mo parí rẹ̀. Inú ń bí mi. Ó ki apá bọ omi dé ìgúnpá.

Àwọn ọmọ ojú títì ló kọ́kọ́ pariwo, "Iná ti dé o!" Gílóòbù pálọ̀ tàn. Bàbá mi kò pariwo. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù lọ. Ẹnu rẹ̀ là, ara rẹ̀ le gan-an, ọrùn rẹ̀ nà, omi inú àpótí náà sì ń gbọ̀n pẹ̀lú apá rẹ̀. Ó ti wí fún wa rí pé ẹni tí iná bá gbé, a kì í fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí nìyẹn. Mo sáré yí ẹ̀yìn tábìlì, mo di wáyà náà mú ní ibi tó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì já a pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Mo ṣubú sẹ́yìn. Bàbá mi náà ṣubú, ó kọ lu àga, ó sì dùbúlẹ̀ sínú omi ilẹ̀. Ìyá Àgbà wọlé pẹ̀lú omi àlùwàlá lójú, ó ń pe orúkọ bàbá mi, "Ràímì! Ràímì! Lá ìláhà illalláhù!" Ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Nígbà tí bàbá mi lajú, ohun tó wí ni, "Ẹja náà ńkọ́?" Kí ni kí n sọ? Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà fẹ́ gbé àpótí náà kí n là á mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà tí mo jẹ́ báyìí, bí mo bá rántí, ó ṣì ń ṣe mí bákan náà.

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè di ṣọ́ọ̀kì mú, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń bá a kọ̀wé sójú pátákó. Nígbà tó padà délé, ó pe gbogbo wa jọ. Mo rò pé yóò ní kí wọ́n gbé ẹja náà lọ sódò. Ó ní, "Ẹ má sọ fún Jímọ̀ o. Ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ níbi tó wà." Ìyá mi dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ní, "Ràímì, ó ti pẹ́ tí o ti ń pọn Jímọ̀. Ó ti gùn jù ọ́ lọ." Nípa ti èmi tí mo já wáyà, bàbá mi kò sọ ohunkóhun. Kò wí pé mo ṣe é re, kò wí pé n kò ṣe é re. Ó ra pọ́ǹpù tuntun. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ ní gbogbo Sátidé, mo sì ń bínú sí bàbá mi lọ́nà tí n kò mọ̀ pé ọmọ lè bínú sí ẹni tó fẹ́ràn.

Ó ku ọjọ́ méjì kí Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e pé ni Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ tó dé, ó sanra, ó wọ fìlà tuntun. Kò tí ì jókòó tó fi lọ síwájú àpótí. "Háà, Ọ́síkà mi! Ẹ wo bí gíláàsì yìí ṣe dọ̀tí! Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ ò mà tọ́jú rẹ̀ o." Ó ká apá aṣọ sókè. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, iná wà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sínú omi, mo sì kígbe, "Ẹ yọ ọwọ́ yín ńbẹ̀! Ṣé ẹ ya wèrè ni?"

Ọmọdé kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà nílé wa. Ìyá mi ní, "Múní! Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni?" Mo ti kúnlẹ̀, mo ń retí ìgbájú. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ yíjú sí bàbá mi, kí ó lè bá ọmọ rẹ̀ wí. Bàbá mi wò mí, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta, ìka méjì tí awọ wọn ti yí àwọ̀ padà.

"Ohun tí ọmọ yìí wí ni kí o ṣe, Jímọ̀. Yọ ọ́ lára iná kí o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, n kò gbọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọn ìbá sin mí."

"Ẹ̀gbọ́n... kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ." Bàbá mi fi ọwọ́ nu ojú. "Ó ti rẹ̀ mí, Jímọ̀. Bí o bá ń padà, kí o gbé ẹja rẹ."

N kò gbọ́ kí ó sọ fún Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ rí pé ó rẹ òun. Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ náà kò gbọ́ ọ rí. Ó lọ síbi ògiri, ó yọ wáyà, ó sì dúró síbẹ̀, wáyà lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, fìlà tuntun bọ́ sílẹ̀, kò sì tètè dìde.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún, wọ́n di àpótí sórí bọ́ọ̀sì, Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ sì gbé korobá sórí itan, ìdérí rẹ̀ ni ó fi okùn so pinpin. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Bí bọ́ọ̀sì ṣe wọ kòtò àkọ́kọ́, a gbọ́ igbe àwọn èrò tí omi ẹja dà lé lórí. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí àwọn yòókù wọlé lọ, bàbá mi ṣì dúró lẹ́bàá títì, èmi sì dúró tì í nítorí pé kò ní kí n lọ. Bọ́ọ̀sì yà níbi ìyànà, a kò rí i mọ́.

"Múní," ni ó wí, kò wojú mi. "O ṣeun."

Kò sọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí, èmi náà kò sì bi í. Mo bá a rìn wọlé.